Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìbéèrè Yín Lórí Blackjack 6:5

Láti ìgbà tí mo ti ń dáhùn ìwé yín lójú ewé yìí, kò tíì sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ kan tí ẹ bi mí léèrè tó eléyìí. Ìwé tó gùn jù ni mo fi ṣíwájú, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ti ronú dáadáa kó tó mú bírò. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ta á rí: eré káàdì ni, oníbàárà àti dílà, ìyẹn ẹni tó ń pín káàdì, ló ń du ẹni tí àpapọ̀ káàdì rẹ̀ máa sún mọ́ 21 jù láìkọjá rẹ̀. Orúkọ yẹn kan náà, blackjack, ni wọ́n fi ń pe kí káàdì méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n pín fún èèyàn jẹ́ Ace pẹ̀lú èyí tó tó mẹ́wàá, kí àpapọ̀ wọn sì di 21 lójú ẹsẹ̀. Owó tí wọ́n ń san lé e máa ń ju owó tí èèyàn fi lélẹ̀ lọ: ní 3:2, èrè dọ́là 10 jẹ́ 15; ní 6:5, ó jẹ́ 12. Bó ṣe jù ú lọ tó ni gbogbo ẹjọ́ tí a fẹ́ rò yìí dá lé.

ÌWÉ KÌÍNÍ

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka káàdì. Mo mọ Hi-Lo, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á, dáadáa. Mo lè ka páàkì kan tán láàárín 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí n sì bá odo pàdé nígbà tí káàdì bá tán. Mo fẹ́ lọ sí Las Vegas pẹ̀lú 2,000 dọ́là tí mo yà sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo tábìlì tí owó mi ká, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 10 sí 15, 6:5 ni mo gbọ́ pé wọ́n ń san níbẹ̀ fún blackjack, kì í ṣe 3:2. Ọ̀rẹ́ mi kan ní dọ́là mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ wọn, pé kíka káàdì á bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó mọ káàdì í kà lè borí eré tí wọ́n ti gé owó rẹ̀ kúrú?*

Àbúrò mi, o ṣeun. Ìdáhùn kúkúrú rèé: lórí ìwé, ó ṣeé borí. Nídìí tábìlì, pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ, kò ṣeé borí. Ìdáhùn gígùn ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà, nítorí "dọ́là mẹ́ta péré" tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti ń tẹ àwọn tó mọ̀wé.

Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, dílà ni mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn tábìlì tí mò ń pín káàdì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí ẹni tó ń béèrè iye tí blackjack ń san, nítorí 3:2 ni gbogbo ayé mọ̀. O fi dọ́là 10 lélẹ̀, mo ka 15 fún ẹ. O fi 5 lélẹ̀, 7 àtààbọ̀ ni mo máa san, màá sì ní láti wá owó ẹyọ ààbọ̀ dọ́là nínú àtẹ tó wà níwájú mi. Àwa dílà kórìíra ẹyọ ààbọ̀ dọ́là yẹn, ó máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí pé oníbàárà gba gbogbo ohun tó tọ́ sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn ilé tẹ́tẹ́ lójú pópó Strip ní Las Vegas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré kan síwájú èrò, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé páàkì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ta á. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn blackjack rí mọ̀ pé bí páàkì bá ṣe kéré tó ló ṣe sàn fún oníbàárà tó, tí gbogbo òfin yòókù bá dọ́gba. Ni èrò bá ń rọ́ jókòó. Ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tábìlì, pé 6:5 ni blackjack ibẹ̀, ta ló rí i? Èrè dọ́là 10 di 12. Èrè dọ́là 5 di 6. Kò sí ẹyọ ààbọ̀ dọ́là mọ́. Owó náà wá ń gún régé lọ́wọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n tún nǹkan ṣe. Nígbà tó yá, ó kúrò lórí páàkì kan, ó bọ́ sórí páàkì mẹ́fà àti mẹ́jọ.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ẹ̀fà tiwa yìí.

Mú páàkì kan. Káàdì 52 ló wà nínú rẹ̀. Ace jẹ́ 4; àwọn tó tó mẹ́wàá, ìyẹn 10, J, Q àti K, jẹ́ 16. Ọ̀nà tí Ace fi lè bá ọ̀kan nínú wọn pàdé jẹ́ 4 lọ́nà 16, ìyẹn 64. Gbogbo ọ̀nà tí káàdì méjì lè gbà jáde jẹ́ 1,326. Pín 64 sí 1,326, o máa rí 4.8%, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 21 tàbí ibi tó sún mọ́ ọn. Yọ ìgbà tí dílà náà bá ní tirẹ̀ kúrò, nítorí ọ̀mì nìyẹn, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan. Ó kù bíi 4.6%. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, 6:5 ń gé dọ́là 3 nínú dọ́là 10 kọ̀ọ̀kan tí o fi lélẹ̀. Fi 0.3 sọ 4.6 di púpọ̀, ó sún mọ́ 1.4%.

Ó kéré lójú, àbí? Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ilé ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà ìpìlẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ìṣirò fi hàn pé ó sàn jù láti ta káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹni, láìyẹsẹ̀, lórí páàkì mẹ́fà tó ń san 3:2, nǹkan bíi 0.5% ni ilé ń jẹ lára rẹ̀. Gbé 1.4 gun orí 0.5, ó di 1.9. Ìlọ́po mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Tí mo bá pín káàdì fún ẹ nígbà 100, tí ò ń fi dọ́là 10 ta á lọ, wákàtí kan tó fún èyí tí èrò ò bá pọ̀ nídìí tábìlì. Ní 3:2, dọ́là 5 ni yóò lọ lọ́wọ́ rẹ ní ìpíndọ́gba. Ní 6:5, dọ́là 19.

Wàyí o, kíkà tí o mọ̀ ọ́n kà.

O ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn yòókù: tí 2 sí 6 bá jáde, fi ọ̀kan kún iye tó wà lọ́kàn rẹ, 7 sí 9, má ṣe nǹkan kan, 10 títí dé Ace, yọ ọ̀kan. Fi iye páàkì tó kù nínú àpótí tí dílà ti ń fa káàdì yọ pín ohun tó wà lọ́kàn rẹ, ìyẹn ni iye gidi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí iye gidi bá fi gòkè, ó ń gbé bíi 0.5% bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Ní tábìlì 3:2, tó bá ti di +1, ìwọ àti ilé ti dọ́gba. Ní +2, ìwọ lò ń jẹ. Ní 6:5, 1.9% lo ní láti gùn kí o tó kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó ti di bíi +4 nìyẹn.

Títí dé ibí, ọ̀rẹ́ rẹ lè ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò rò pé ó rò ni ìgbà tí blackjack ń jáde jù. Kí ló mú kí iye gidi ga? Káàdì kéékèèké ti jáde lọ, Ace àti àwọn mẹ́wàá ló kù nílẹ̀. Ní +5, tí páàkì kan bá kù, àwọn káàdì ńlá tó kù níbẹ̀ tó 22 àtààbọ̀ ní ìpíndọ́gba, dípò 20. Tún ìṣirò tí a ṣe lókè ṣe pẹ̀lú èyí: 4.8% ti di bíi 6.1%. Ìgbà wo sì ni ẹni tó ń ka káàdì máa ń fi owó ńlá lélẹ̀? Ìgbà yẹn náà ni! Ẹni tó kàn wá ṣeré ń fi dọ́là 10 gba blackjack, dọ́là 3 ni wọ́n gé lára rẹ̀. Ìwọ tí o ka káàdì, tí o gbé owó lọ sí 100, ọgbọ̀n dọ́là ni wọ́n gé lára tìrẹ, wọ́n sì ń gé e lemọ́lemọ́ ju ti ẹnì kejì rẹ lọ. Òfin tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn ọ̀bọ̀rọ́ nìkan ló wà fún, ìwọ ọlọ́gbọ́n ló dùn jù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín tí mo bá gbọ́ pé kíkà á bò ó mọ́lẹ̀. Apá kan nínú èrè kíkà, inú blackjack ló ti ń wá. Tí wọ́n bá gé blackjack kúrú, wọ́n ti gé kíkà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí iye gidi fi ń gòkè kò tún gbé 0.5% wá mọ́, ó dín díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí mo ní ó wà ní +4 tún sún sókè díẹ̀.

Báwo sì ni +4 ṣe ń wáyé tó? Lórí páàkì mẹ́fà, tí wọ́n bá pín dé bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin kí wọ́n tó tún káàdì pò, nínú ìgbà 100 tí dílà bá pín káàdì, o ò ní rí mẹ́fà tí iye gidi bá dé +4 tàbí tó kọjá rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ìyà lò ń jẹ bí o bá jókòó. Ká wá sọ pé o ò jókòó. O dúró sẹ́yìn, ò ń kà jẹ́jẹ́, o sì ń wọlé nígbà tó bá ga nìkan. Jẹ́ ká ṣe é ní àfojúdá: ìgbà mẹ́rin ni o wọlé nínú 100, èrè rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.75%, ojú rere ni mo tiẹ̀ fi wò ẹ́. O fi dọ́là 100 lélẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 400 lọ́nà 0.75%, dọ́là 3. Wákàtí kan gbáko lórí ìdúró, dọ́là 3! Ìgbà mẹ́rin yẹn kan náà lè gbé 200 dọ́là wọlé fún ẹ tàbí kó gbé e lọ, kí ó má sì jẹ́ ohun ìyanu fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ló tún máa ń gbé páálí sórí tábìlì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé ní àárín àpótí. Níbi tí páálí yẹn bá wà, àbá ti tán.

Páàkì kan tó ń san 6:5 ńkọ́? Iye gidi ń yí padà kíákíá níbẹ̀, òótọ́ ni. Ó ń dé +4 lemọ́lemọ́ ju ti páàkì mẹ́fà lọ, owó tí ilé ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà sì dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń pín in. Tí èèyàn márùn-ún bá jókòó, a lè pín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí a tó pò ó. Kí o tó rí nǹkan kà, mo ti ń po káàdì.

Má sì rò pé àwọn ọ̀gá tó ń ṣọ́ tábìlì kò mọ èyí. Ní tábìlì 3:2, tí owó rẹ bá fò láti 10 lọ sí 100, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ẹ́ láti òkè àjà. Nídìí 6:5, ọ̀gá tó bá rí i pé ò ń kà, ohun mímu ni yóò ní kí wọ́n gbé wá fún ẹ.

Ká wá sọ̀rọ̀ 2,000 dọ́là rẹ. Bí o bá fẹ́ ka káàdì bí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe ń kà á, owó yẹn kò tó, kódà ní 3:2. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jókòó bí wọn ò bá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún iye tó kéré jù lórí tábìlì náà lápò. Tábìlì dọ́là 10, 10,000 dọ́là nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé owó máa ń lọ sókè sódò gan-an kí èrè kékeré yẹn tó fara hàn, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá jìn yóò ti kúrò nídìí rẹ̀ kí ó tó hàn.

Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ gbádùn ara rẹ kí owó sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn rọrùn. Wá tábìlì 3:2, kódà bí iye tó fi bẹ̀rẹ̀ bá ga jù. Wò ó: dọ́là 10 ní 6:5, nígbà 100, ń gba 19. Dọ́là 25 ní 3:2, nígbà 100 kan náà, ń gba 12 àtààbọ̀. Tábìlì tó dà bí ti olówó ló ná ẹ ní owó tó kéré! Àmọ́ owó á máa fò sókè sódò níbẹ̀ ju ti tábìlì 10 lọ, ìlọ́po méjì àtààbọ̀, nítorí náà má kó gbogbo 2,000 yẹn lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Rìn lọ sí àárín ìlú ní agbègbè Fremont Street pẹ̀lú. A ṣì máa ń rí 3:2 níbẹ̀ tí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré ju ti Strip lọ. Kí o tó fi ìdí kan àga, ka aṣọ tábìlì. Bí kò bá sí níbẹ̀, bi dílà. Kò ní purọ́ fún ẹ. Kò sí èrè kankan fún un nínú irọ́.

ÌWÉ KEJÌ

*Ìyáàfin, mo kí yín. Àgbàlagbà ni mí, mo sì rántí pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yí òfin blackjack padà ní Las Vegas láyé àtijọ́, àwọn èèyàn kọ̀ jálẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ sì yí i padà. Kí ló dé tí àwọn ti òde òní ò kọ 6:5?*

Bàbá wa, ẹ kú ìrántí. Òótọ́ lẹ sọ. Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò, ló lo kọ̀ǹpútà IBM 704 ní MIT láti fi hàn pé blackjack ṣeé borí, ìwé tó kọ nípa rẹ̀ sì jáde ní 1962. Ẹ̀rù ba àwọn ilé tẹ́tẹ́. Ní 1964, àwọn ti Las Vegas yí òfin padà: ẹ kò lè sọ owó tí ẹ fi lélẹ̀ di ìlọ́po méjì àfi tí àpapọ̀ káàdì yín bá jẹ́ 11, ẹ kò sì lè pín Ace méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ láti fi ta á lọ́nà méjì. Èrò dáwọ́ ta á dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òfin àtijọ́ ti padà. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ìwé náà kò mọ káàdì í kà. Owó wọn ni ilé tẹ́tẹ́ kó jọ lẹ́yìn náà.

Kí ló wá dé tí 6:5 fi dúró? Èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ o, láti ibi tí mo dúró sí lẹ́yìn tábìlì. Òfin 1964, ẹ̀ ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú: ẹ ní 10, ẹ fẹ́ sọ owó di méjì, dílà ní kò gbà. Ó ń dùn yín, ẹ̀ ń bínú. 6:5 kì í dun ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 21 ló ń yọjú, ìgbà tó sì ń yọjú, inú yín ń dùn: ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni. Mo ti san 12 fún èèyàn tó yẹ kó gba 15, tó sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé ìdí rẹ̀ sókè láti inú ni, ẹnu rẹ̀ ṣì kún, ta ni yóò jà? Èyí tó dun àwa dílà ni pé owó tí wọ́n máa ń fi ta wá lọ́rẹ tí wọ́n bá gba blackjack náà dín. Dọ́là 15 máa ń mú kí èèyàn yọ ọ̀kan fún wa. Dọ́là 12, ó ń lọ sápò gbogbo rẹ̀.

Ohun kejì: iye tó kéré jù lórí tábìlì ni ojú èrò máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n rí 10 lára páálí, wọ́n rí 25 lára páálí kejì, wọ́n yàn. Páálí yẹn kò sọ iye tí yóò ná wọn.

ÌWÉ KẸTA

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo ní blackjack nídìí 6:5, Ace ni dílà ṣí síta. Ní tábìlì tí mo máa ń ta sí tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá mo fẹ́ gba owó mi ní ọ̀kan sí ọ̀kan kó tó wo káàdì tó dojú délẹ̀. Níbí, ìnṣọ́ránsì nìkan ló fi lọ̀ mí. Ṣé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?*

Rárá o, àbúrò mi obìnrin. Ó pa òfin ilé mọ́ ni, òfin náà sì gbọ́n ju bó ṣe rí lọ.

Ní 3:2, ọ̀kan sí ọ̀kan yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìnṣọ́ránsì, ìyẹn owó ọ̀tọ̀ tí èèyàn fi ta á pé dílà ní blackjack, ló wọ aṣọ mìíràn. O fi 10 lélẹ̀, o fi 5 ra ìnṣọ́ránsì. Tí dílà bá ní blackjack, ẹ ta ọ̀mì, ìnṣọ́ránsì san 10. Tí kò bá ní, o gba 15, o pàdánù 5, ó ku 10. Bó ti wù kó rí, 10 ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kúkú fún ẹ ní 10 lọ́wọ́ kan.

Ní 6:5, tí dílà bá ní i, o gba 10. Tí kò bá ní, 12 dín 5, ìyẹn 7. Kò dọ́gba mọ́. Ká ní wọ́n wá sọ pé gba 10 kí o máa lọ: yàtọ̀ sí i, tí o bá dúró láìra nǹkan kan, wàá gba 12 nígbà 9 nínú 13, odo nígbà 4. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 8.31. Dọ́là 10 ju 8.31 lọ, gbogbo èèyàn ni ìbá máa gbà á, ilé ni ìbá sì pàdánù. Ìdí tí wọn kì í fi í bi ẹ́ nìyẹn. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé oorun ń kun dílà kan, tó gbàgbé, tó sì fi lọ̀ ẹ́ nídìí 6:5, tẹ́wọ́ gbà á kó tó rántí.

Ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀, fi sílẹ̀. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 7.92, kò tó 8.31. Ẹni tó ń ka káàdì nìkan ló lè rà á, nígbà tí iye gidi bá dé +3, nítorí pé ìgbà yẹn àwọn mẹ́wàá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta káàdì tó kù lọ. Ìyẹn kò sì yí padà yálà 3:2 ni tàbí 6:5, ó wà lọ́tọ̀.

ÌWÉ KẸRIN

*Ṣé wọ́n lè fi ọlọ́pàá mú èèyàn tó ń ka káàdì? Ẹ̀rù ń bà mí.*

Bó bá jẹ́ ọpọlọ tí Ọlọ́run fún ẹ nìkan lo fi ń kà á, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ni kí o má gbé sápò. Ní Nevada, òfin ti ka ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn ka káàdì léèwọ̀ láti 1985, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ ní Nevada lè ní kí o dìde, kí o má padà wá. Ní New Jersey, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: Ken Uston, ọ̀kan lára àwọn tó ń ka káàdì, gbé ilé tẹ́tẹ́ lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì jàre ní 1982, wọn kò lè lé èèyàn jáde nítorí pé ó ń kà. Wọ́n á kàn máa po káàdì ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé owó sókè, tàbí kí wọ́n dín iye tí o lè fi lélẹ̀ kù. Mo ti pò ó báyìí rí lójú ẹni tó ń kà á, nítorí ọ̀gá kan mí léjìká. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kó owó rẹ̀, ó lọ jẹun.

ÌWÉ KARÙN-ÚN

*Mo rí tábìlì 3:2 tí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń po káàdì láìdáwọ́ dúró. Ṣé kí n jókòó? Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?*

Bí o kì í bá ka káàdì, jókòó. Ẹ̀rọ yẹn pa kíkà ni, nítorí káàdì tó jáde ń padà sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlànà ìpìlẹ̀ lásán kò ní pàdánù nǹkan kan sí i níbẹ̀, ó tiẹ̀ sàn fún un tíntín. Ohun tó yẹ kí o ṣọ́ ni pé dílà kò ní dúró po káàdì mọ́, nítorí náà ìgbà tí a ń pín káàdì láàárín wákàtí kan yóò pọ̀ sí i, owó tí ilé ń jẹ nínú wákàtí náà yóò sì pọ̀. Máa dìde rìn díẹ̀.

Àwọn tábìlì kan tún wà tó ń san ọ̀kan sí ọ̀kan fún blackjack, tí wọ́n fi oríṣiríṣi òfin aládùn bò ó. Ìyẹn burú ju 6:5 lọ, bíi 2.3% ni gígé yẹn nìkan ń gbà, kí a tó ṣírò ohun tí àwọn òfin aládùn náà bá dá padà.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti ń po gbogbo káàdì tuntun kó tó pín in, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kà. Níbi tí o bá ti ń wo dílà gidi lórí fídíò, páàkì mẹ́jọ ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì máa ń gé e ní ìdajì, kí iye gidi tó ga, wọ́n ti kó o kúrò. Ṣí ojú ewé òfin eré náà kí o tó fi kọ́bọ̀ lélẹ̀. Wo ohun méjì: pé 3:2 ni wọ́n kọ síbẹ̀, àti pé dílà kò gbọdọ̀ gba káàdì mìíràn tó bá ní 17 tí Ace wà nínú rẹ̀, nítorí ìyẹn nìkan tó bíi 0.2% lápò rẹ.